Bóòtù Àárín Tó Bá Àǹtí Bọ́sẹ̀ Wọlé Àdúrà

Àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá mi tú ẹsẹ̀ iwájú jíìpù rẹ̀ palẹ̀ nínú agboolé wa ní Ọ̀jọ́, òórùn ló jí mi. Òórùn gírísì, òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan, àti òórùn èèpo àgbọn tó ń jó lábẹ́ ẹja náà para pọ̀, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé wá fà mí létí. Mo sáré jáde láì bọ́jú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé Ọ̀jọ́ sí Òkòkòmáíkò nígbà náà, ẹ ó rántí bí òórùn ṣe pọ̀ ládùúgbò wa tó. Èèyàn lè dúró lójú títì kó mọ ilé tí tọkọtaya ti ń bínú síra wọn, nítorí ọbẹ̀ ibẹ̀ á ti jóná.

Bàbá mi kì í ṣe mẹkáníìkì. Iyanrìn ló ń kó fún àwọn tó ń kọ́lé. Jíìpù yẹn ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, torí níbi tí wọ́n ti ń lu mọ́tò ìjọba tó ti rẹ̀ ní gbàǹjo ló ti rà á. Ilẹ̀kùn kan kò ṣeé tì, èkejì kò ṣeé ṣí. Ṣùgbọ́n ní ti agbára, kò sẹ́ni tó lè bú u. Mo fi ojú mi rí i tó gun igi àgbọn dé ìdajì kí Bàbá tó rántí tẹ bíréèkì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ wo igi náà, ó ṣì tẹ̀ bí arúgbó títí dòní.

Kòtò kan ní Òkòkòmáíkò ló ṣẹ́ ẹ lápá. Kì í ṣe kòtò bí irú èyí tí ẹ ń rí lónìí o. Kòtò tí mò ń wí yìí, bí òjò bá rọ̀ tán, àwọn kan máa ń da àwọ̀n sí i, wọ́n á sì rí ẹja kó. Jíìpù wọ̀ ọ́, a gbọ́ "káà", sípíríǹgì iwájú lápá òsì já, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ sì sún kúrò nípò. Bí wọ́n ṣe tì í dé ilé, ṣe ló kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun níwájú ìyá ọkọ. Àwọn aládùúgbò ní kí Bàbá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní jíìpù òun kò ní sun ìta. Ọ̀rọ̀ kan náà tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan ló tún sọ, ìbáà ṣe rédíò, ìbáà ṣe ìdí ìkòkò: "Ẹ tú u, ẹ jẹ́ á wò ó."

Ìyá mi ti wò ó tán ní tirẹ̀. Ibi tí jíìpù kúnlẹ̀ sí gan-an ló ti fẹ́ kọ́ àtíbàbà ẹja rẹ̀. Ó pa iná ẹja, ó nu ọwọ́, ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa. "Bàbá Káyọ̀, mo ti pe àwọn tó ń ra irin. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Bí nǹkan yìí bá dìde dúró, kó máa bá yín gbé. Bí ó bá ṣì kúnlẹ̀, bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn ni wọn yóò ṣe gbé e lọ." Bàbá ní ó dáa. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà ká lára. Mo ti wí fún gbogbo kíláàsì wa pé jíìpù wa ló máa gbé mi wá ṣe ìdánwò. Bí wọ́n bá gbé e lọ, àwọn ọmọ yẹn á fi mí ṣe ẹ̀sín títí n ó fi hu irùngbọ̀n.

Ó ní bí Bàbá ṣe ń tú mọ́tò tí n kò rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ìgbà náà. Kì í kó bóòtù sínú agolo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, àwọn bóòtù dàrú mọ́ra wọn, ìgbà tó tò ó tán, sitíàrìn kọjú sí Badagry, táyà kọjú sí Èkó. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti tú bóòtù kan, ẹnì kan nínú agboolé ni yóò fún. Orúkọ ẹni náà ni bóòtù yóò máa jẹ́, òun ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí Bàbá yóò fi pè é. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọwọ́ tó fún ọ ni kí o dá a padà sí." Ìyá mi fi tirẹ̀ sínú àpò owó. Ayálégbé wa tó jẹ́ Ègùn so tirẹ̀ mọ́ ọrùn. Èmi fi tèmi sẹ́nu, n kò sì jẹun títí Bàbá fi gbá mi lẹ́nu kí n lè tu ú.

Bóòtù tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn èyí tó gba àárín gbogbo ewé sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tó lé ara wọn lórí, kọjá tó sì dì wọ́n mú sórí ọ̀pá iwájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ni Bàbá fún. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó so ó mọ́ etí ìró. Ìjọ aláṣọ funfun ni Àǹtí ń lọ ní Ìbà, ó sì fẹ́ wọlé àdúrà, kó máa sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé kò tíì rí ọkọ fẹ́. Bàbá, tí kì í lè pa ẹnu mọ́ bí sípánà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, sọ lábẹ́ mọ́tò pé, "Bọ́sẹ̀, bá mi bi wọ́n níbẹ̀ bóyá ọkọ ọ̀hún lè tún mọ́tò ṣe." Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ.

A ò fura. Ìdùnnú ló gbà wá lọ́kàn. A fi ìtì àgbọn gbé imú jíìpù sókè, a kó búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Bàbá to àwọn ewé sípíríǹgì sílẹ̀ láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, bí ìyá mi ṣe ń to ẹja sórí àwo. Ó ra ewé kan pààrọ̀ èyí tó já. Ó gé rọ́bà lára táyà àtijọ́ fi ṣe búṣìn tí kò ní jẹ́ kí irin máa ha irin, ó fi epo pupa ra á kó lè yọ̀ wọlé. Ní ọ̀sán Fúráìdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ọkùnrin Ègùn yẹn ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè é. Ọṣẹ ló fi bo ara wá, ó fi bóòtù lélẹ̀, ó padà. Nígbà tó yá, Bàbá na ọwọ́ jáde lábẹ́ mọ́tò. "Bọ́sẹ̀!" Ọwọ́ náà wà bẹ́ẹ̀ lófìfo. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa wo ojú ara wa.

Ó gbìyànjú bóòtù mìíràn, ó kéré jù. Ó gbìyànjú èyí tó tóbi, ó há. Ó wá rán mi sí Ìbà. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, òjìji mi kò bá mi dé, ẹ̀yìn tí mo mu omi tán ló tó dé. Mo bá Àǹtí lórí ẹní nínú ilé àdúrà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà mo sọ tèmi fún un ní etí. Ó fi ọwọ́ kan ibi tí bóòtù wà nínú ìró, ó mi orí. Ó tọ́ka sí ọ̀nà Ọ̀jọ́, ó fi ọwọ́ ya ikùn ńlá bíi ti Bàbá sí iwájú ara rẹ̀, ó sì na àtẹ́lẹwọ́. Ó yé mi. Ọwọ́ tó fún un ló ń wá.

Ìyẹn ló ká Bàbá mọ́. Ó ti búra níwájú wa rí pé òun kò ní bọ́ bàtà nítorí ìjọ kankan, ní ti ìjọ Àǹtí, ẹni tó wọ bàtà kò sì gbọdọ̀ wọlé. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àtirẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn ọgbà, ó pariwo, "Bọ́sẹ̀!" Àwọn akọrin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún pariwo. Àgbà kan tó ń ṣọ́nà sọ fún un jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé, sà." Bàbá wò mí bíi pé èmi ni mo dá òfin náà sílẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí àgbọn tí a bó, yanrìn gbígbóná sì ń mú un fò bí adìẹ. Nígbà tó dé ẹnu ilé àdúrà, ó pè é. Àǹtí kò mira. 

"Bọ́sẹ̀, àbúrò mi," ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ọ̀rọ̀ ọkọ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo kó o jẹ. Jọ̀ọ́, fún mi ní bóòtù mi."

Àǹtí tú ìró rẹ̀, ó fi bóòtù sí i lọ́wọ́. Ó ti nù ún títí ó ń dán bí òrùka. Ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí mo yọjú wò ó. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò gbọdọ̀ dún.

Nígbà tí a dé ilé, àwọn olùra irin ti wọlé pẹ̀lú lọ́rì wọn láti ìhà Alábà Rágò. Wọ́n ti so okùn mọ́ ẹ̀yìn jíìpù. Bàbá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, mo wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e, nítorí ibi tí bóòtù yẹn ń gbà, ikùn rẹ̀ kò gba ibẹ̀. Mò ń di í mú lókè, ó ń lọ́ ọ nísàlẹ̀. Mò ń gbọ́ tí àwọn èèyàn irin ń bi ìyá mi pé ṣé àwọn lè fà á báyìí, mo sì gbọ́ tí ìyá mi ní, "Ẹ ní sùúrù, ilẹ̀ ò tíì ṣú." A yọ búlọ́ọ̀kù. A yọ ìtì àgbọn. Jíìpù sọ̀ kalẹ̀, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ariwo tí a pa, àwọn ológun tó wà ní Navy Town rò pé ogun dé.

Lọ́rì olùra irin ló wá rì sínú yanrìn wa nígbà tó fẹ́ jáde. Okùn tí wọ́n so mọ́ jíìpù láti fi wọ́ ọ lọ ni jíìpù fi wọ́ wọn dé títì. Ìyá mi wò wọ́n lọ, ó gbé àwo ẹja rẹ̀ sẹ́yìn jíìpù, ó jókòó ti Bàbá. "Ó dáa, gbé mi dé ọjà."

Ní báyìí, Òkòkòmáíkò ni mò ń gbé, mo sì ti ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí bó ṣe wà nígbà yẹn. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà máa ń wọ abẹ́ mọ́tò bí eku, á sì jáde bí eku. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò ọmọ mi ń dún kò-kò-kò níwájú. Àwọn ará ilé mi ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, àwọn á gbé e lọ fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wò ó.  Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, inú mi ń dùn kọjá sísọ, mo sì rí ohun tó ń dún lójú ẹsẹ̀. Wíwọlé yẹn, ọmọ ọjọ́ náà kò lè fi ohunkóhun jù mí lọ. Ti jíjáde ni ìṣòro, nítorí ikùn Bàbá ti di tèmi. Jáàkì ni wọ́n fi gbé mọ́tò sókè kí wọ́n tó rí mi fà yọ.