Kannakánná Ò Tíì Lọ

Ní abúlé tí Anusaya Shelke ti lọ́kọ, obìnrin kì í sọ pé òun ń ṣe nǹkan oṣù. Kannakánná ló máa ń fara kàn án. Bí ẹyẹ dúdú yẹn bá ti kàn án, kò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò omi tàbí fìtílà òrìṣà. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò jókòó sí, lórí àpò ìdọ̀họ, wọn yóò máa da omi sí i lọ́wọ́ láti òkèèrè bí ẹni ń ṣe àlejò tí wọn ò fẹ́ kó wọlé. Tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin, yóò fọ orí, yóò wẹ̀, kannakánná yóò sì lọ. Ìwẹ̀ yẹn ló ń lé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ̀jẹ̀ léèrè bóyá òun náà ti ṣetán.

Ẹ̀jẹ̀ Anusaya ò ṣetán. Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti ń rí i bẹ́ẹ̀. Yóò fọ orí, yóò padà sídìí ààrò, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìyẹ̀fun ọkà bàbà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bhakri, àkísà sáàrì àtijọ́ yóò sì wà láàárín itan rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, nínú oko àlùbọ́sà, àkísà náà á ti rin gbingbin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í kúkú ṣe pé ó ń fi í pamọ́. Kannakánná ti lọ, èyí tó ṣẹ́ kù ò sì lórúkọ. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ohun tí kò lórúkọ sùn? Àti pé tó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò dáná? Orúnkún Rakhma, ìyá ọkọ rẹ̀, ò gba ìlóṣòó mọ́. Sunanda, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ sílé ọkọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bojú wẹ̀yìn tó bá fẹ́ tan fìtílà òrìṣà. Ó ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀: kí ilé jó, kí màlúù kú, kí ojú òun fọ́. Ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ìbẹ̀rù lọ, àwọn nǹkan mìíràn sì bá ìbẹ̀rù lọ. Iyọ̀ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí Sunanda bá pè lórí fóònù, yóò gbọ́ ohùn ọmọ náà dáadáa, yóò dá a lóhùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Shevanta, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i. Inú oko ni wọ́n wà, wọ́n ń tu koríko.

"Ìyálé mi, ojú yín ti funfun bí ẹfun. Ẹ lọ yọ àpò yẹn jàre."

Àpò ni wọ́n ń pe ilé ọmọ níbẹ̀.

"Ṣé eyín ni tí mo máa kàn yọ?"

"Ó yá ju eyín lọ. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí, ó tán. Kannakánná ò ní mọ ilé yín mọ́ láéláé."

"Ìwọ tó yọ tìẹ, kí ló dé tó ò ń di ìbàdí mú bí ìyá arúgbó?"

Shevanta rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò ní ìbàdí. "Ẹnu yín yìí mú ju ọ̀bẹ dókítà lọ! Ẹ má wo ìbàdí mi, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi."

Kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n yọ tirẹ̀. Ìdajì àwọn obìnrin abúlé náà ló ti yọ tiwọn, lọ́dọ̀ dókítà aládàáni kan tó kọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ní ìlú. Láti ìgbà náà ni òógùn ti ń bo Shevanta ní àárín òtútù, tí eegun ń ro ó, tó ń rìn bí ìyá tó bí i. Anusaya máa ń wò ó lẹ́yìn bó bá ń ru koríko lọ. Kò ní bímọ mọ́, ó mọ̀. Kò lè sọ ohun tó fẹ́ fi àpò náà ṣe. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n má yọ ọ́ nìkan ni ohun tó kù láyé tó dá a lójú pé òun fẹ́. Ohun tó ti lọ lára òun ti pọ̀ tó. Kí wọ́n fi èyí sílẹ̀.

Nígbà tó ṣubú sáàárín ebè àlùbọ́sà, Dnyanoba, ọkọ rẹ̀, fi alùpùpù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà Kirtane ló bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ tó dé láti ìlú ńlá. Dnyanoba dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú. Dókítà wò ó, kò sì fẹ́ dárúkọ nǹkan oṣù létí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń kọ́ ọ nílé ló lò.

"Ìyá, ìgbà wo ni kannakánná kàn yín kẹ́yìn?"

"Lẹ́yìn àjọ̀dún akọ màlúù."

"Ọjọ́ mélòó ló máa ń lò?"

"Mẹ́rin."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà ni, Dókítà. Kì í yẹ̀."

Dnyanoba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Dókítà kọ mẹ́rin sílẹ̀, ó ní àìjẹun dáadáa ló ń ṣe é, ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà. Ó jẹ ẹ́. Ohun tó ń wọlé ò tó ohun tó ń jáde.

Ìgbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni Dnyanoba gbé e lọ. Ìyẹn gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó nàka sí òjìji kan, ó ní ó lè di jẹjẹrẹ, ó ní kí wọ́n wá yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ sára ní ilé ìwòsàn ìjọba.

"Kí wọ́n yọ ọ́ kẹ̀," Rakhma wí lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. "Kí ló tún fẹ́ fi í ṣe?"

Dnyanoba yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Sunanda, kí ni ìwọ rí sí i?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, Bàbá Sunanda."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń wí i. Kò bá a jiyàn.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọkùnrin kì í sùn ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, nítorí náà ó ku Anusaya nìkan, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń kán wọ apá rẹ̀ láti inú ọ̀rá. Dókítà Kirtane dé, ó dá a mọ̀. Ó ṣí aṣọ ìbora, ó rí ibùsùn.

"Kannakánná tún ti kàn yín ni, Ìyá?"

"Rárá o. Ó ti lọ. Mo ti fọ orí."

Dókítà tún wo ibùsùn. "Kí wá nìyí?"

"Ìyẹn? Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Èyí tó máa ń wá lẹ́yìn ìwẹ̀."

Dókítà jókòó sí etí ibùsùn. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín bó ṣe yẹ kí n ti bi yín nígbà yẹn. Ẹ gbàgbé ẹyẹ. Láàárín oṣù kan, ọjọ́ mélòó ni ẹ kì í rí ẹ̀jẹ̀ rárá?"

Anusaya rò ó. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Bóyá ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ju ọdún kan lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kannakánná lẹ bèèrè, Dókítà."

Obìnrin kan tó wà lórí ibùsùn kejì bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ wá bi èmi náà o! Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe kannakánná, agbo adìyẹ ni!" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ojú Dókítà pọ́n, ó sì ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wo inú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, bí ọ̀rá tó dì lórí wàrà tí wọn ò ré kúrò. Dókítà ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ lábẹ́, ó fà díẹ̀ jáde nínú awọ náà. Ó dùn ún. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn ún. Wọ́n fi ohun tí wọ́n fà jáde ránṣẹ́ sí ìlú ńlá fún àyẹ̀wò.

Dnyanoba dé, ó gbọ́, ó bínú. "Ọjọ́ Ajé la dá pẹ̀lú dókítà wa."

"Ọjọ́ Ajé mìíràn ń bọ̀, Bàbá."

"Tó bá wá di jẹjẹrẹ ńkọ́?"

"Tórí ẹ̀ ni mo ṣe fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ṣé dókítà yín ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó rí i nínú ẹ̀rọ."

"Òjìji ló rí. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, èmi fúnra mi ni màá wá ẹni tó máa yọ ọ́. Tí kò bá jẹ́ ńkọ́?" Ó yíjú sí Anusaya. "Kí lẹ̀yin alára fẹ́?"

Aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Anusaya. Aṣọ náà ló kọjú sí tó fi dáhùn.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Dnyanoba wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "O ò sọ bẹ́ẹ̀ nílé."

Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, ó tún ṣí i. "Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ká dúró gbọ́ èsì."

Èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ṣàlàyé fún un pé omi ara méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú obìnrin; ọ̀kan ń ní kí awọ inú ilé ọmọ máa hù, èkejì ń ní ó tó. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, èkejì kì í dé lásìkò mọ́, awọ á sì máa hù, á máa já, á máa dà. Ó fi nǹkan kékeré kan sínú ilé ọmọ rẹ̀, ó dà bí òpó tó ní apá méjì. Ìyẹn ni yóò máa wí pé ó tó. Ó kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣì máa kán fún oṣù mélòó kan láìní déètì, lẹ́yìn náà yóò dín, ó sì lè dá pátápátá. Kó padà wá láàárín ọdún kí wọ́n tún fà díẹ̀ wò. Tí ìyẹn bá yí padà, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ yíyọ sọ.

"Ó yé yín, Ìyá?"

"Ó yé mi."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó délé nígbà tí Rakhma pè é láti orí ibùsùn. Ilẹ̀ ń ṣú, Dnyanoba ń jẹun lọ́wọ́, Anusaya sì wà nídìí iná.

"Ìyàwó! Mo rí àkísà lórí okùn. Ṣé kannakánná ti kàn ọ́ ni?"

Ó lè ní rárá. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kó dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni yóò kà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò wẹ̀?

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Ìyá. Díẹ̀díẹ̀ ni. Dókítà ní á máa wá bó ṣe wù ú, tó bá yá á dá."

"Nínú ilé ìdáná mi?"

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, Ìyá."

Dnyanoba wo bhakri tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó fi í kan ata gígún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó jẹ ẹ́. Rakhma ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀pà ni òun máa jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń wo ògiri.

Anusaya ń retí kí nǹkan dé bá òun: ìtìjú, tàbí ìbẹ̀rù, tàbí ayọ̀ pé wọ́n fi àpò náà sílẹ̀ nínú òun. Kò sí èyí tó dé. Ó gbé bhakri tí Rakhma kọ̀ sílẹ̀. Ó ti ń tutù. Ó jókòó sídìí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.