Má Jẹ Ojú Owó

Rẹ̀bẹ́kà Àjíkẹ́, ọmọ Owá tí í ti ilé múná ròko. Àjíkẹ́ ọ̀wọ́n, a-rọra-rìn-dé-ọjà-ṣáájú-ẹni-tó-sáré. Ìyá Bánjọ, ìyá Fúnmiláyọ̀, ìyá Kẹ́hìndé. Àjíkẹ́ ti lọ, ó fi mí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà tí ilé rẹ̀ wó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ sin ín, Fúnmiláyọ̀ ọmọ rẹ̀ ń wá aṣọ nínú àpótí ìyá rẹ̀, ni nǹkan kan bá dún lábẹ́ aṣọ: ṣẹkẹ, ṣẹkẹṣẹkẹ. N kò tíì rí nǹkan náà tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ti mọ̀ ọ́n. Kọ́bọ̀ oníhò ni, tí a sín sórí okùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò bá owó yẹn láyé. Nígbà èwe wa, kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, ẹ̀pìnnì náà ní ihò. Ṣùgbọ́n tọ́rọ́, sísì àti ṣílè kò níhò, odindi ni wọ́n, wọ́n sì máa ń dán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Télọ̀ ni bàbá mi ní Òṣogbo, Mùsùlùmí ni, ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Iléṣà. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi kẹta, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ ní Iléṣà, kí n lè lọ sílé ìwé níbẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Rẹ̀bẹ́kà ni ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní agbo ilé yẹn tó. Bí mo bá pe ilé, wọn a ní ulé ni. Bí mo bá pe iṣu, wọn a ní ọmọ Òṣogbo ti tún dé, uṣu ni. Rẹ̀bẹ́kà fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, ó sì ní tìtorí oṣù mẹ́ta yẹn kí n máa sọ “ẹ” fún òun. Mo kọ̀. Títí a fi di arúgbó, mo kọ̀.

Aláṣọ ni bàbá rẹ̀, ara àwọn tí a ń pè ní òṣómàáló. Wọn a ru aṣọ lọ sí ìlú jíjìnnà, wọn a tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó rà á, wọn kò ní dìde títí yóò fi sanwó. Màmá kì í lóṣòó fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ owó. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjọba kò tíì sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́. Màmá pe èmi àti Rẹ̀bẹ́kà, ó kó ọjà ṣílè mẹ́wàá fún mi, ó kó ọjà ṣílè mẹ́wàá fún un: iyọ̀, ṣúgà onígun, àti ìṣáná. Oríkì Ìjẹ̀ṣà ní wọn kì í wá ìṣáná, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rà á lọ́wọ́ wa.

Màmá ní òun ń lọ bá ọkọ òun, ó di ọdún Kérésì. Èrè ọjà ni a ó fi wọ ilé ìwé lóṣù kìíní. Bí ebi bá pa wá, ká jẹ nínú èrè.

“Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ojú owó. Ẹni tí ojú owó rẹ̀ ò bá pé, kò ní lọ sílé ìwé.”

Ta ló máa bi í pé kí ni ojú owó? Mo ti rí i. Ṣé kọ́bọ̀ ló lójú, ojú ọ̀hún sì là kedere láàárín rẹ̀. Mo wá okùn, gbogbo kọ́bọ̀ tó bá wọlé, mo sín in. Èyí tí kò lójú ni mo fi jayé. Mo fi tọ́rọ́ ra àkàrà, mo fi sísì ra díńgí, mo fi odindi ṣílè méjì ya fótò, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Rẹ̀bẹ́kà ń kó owó rẹ̀ padà lọ ra ọjà mìíràn.

Ó ní, “Àtẹ rẹ mà ń gbẹ o, ọmọ Òṣogbo.”

Mo ní kó gbájú mọ́ tirẹ̀, ojú owó tèmi pé.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màmá dé. Kò tíì fọ ẹsẹ̀ tó fi ní ká gbé agolo owó wa wá. Rẹ̀bẹ́kà da ṣílè mẹ́rìndínlógún sórí ẹní. Èmi na okùn mi sókè.

“Màmá, ojú owó mi nìyí. Ẹ wò ó, mi ò jẹ ìkankan.”

Mo tilẹ̀ gbé kọ́bọ̀ kan sójú, mo wo Màmá láti inú ihò rẹ̀. Màmá kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, gbogbo ilé sì gbè é.

“Ọgbọ̀n kọ́bọ̀,” ló wí, “kò sì sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀.”

Ó wá là á yé mi pé owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò ni ojú owó, ì báà lójú, ì báà fọ́jú. Ó ní ẹni tó bá jẹ èbù uṣu, ebi ló gbìn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán. Ó ní ọ̀rọ̀ òun kì í yẹ̀, kí n di ẹrù mi, Òṣogbo yá. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ní Òṣogbo, àbúrò mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ máa pọ̀n.

Rẹ̀bẹ́kà kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń to ṣílè mẹ́fà èrè rẹ̀ lórí ẹní.

“Màmá, èyí tó owó ilé ìwé ẹnì kan. Ẹ fi rán an lọ.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi mọ ọjà tà. Òun kò mọ̀ ọ́n tà, àmọ́ yóò mọ ìwé. Ohun tó bá kọ́ lọ́sàn-án, kó kọ́ mi lálẹ́. Owó ẹnì kan, àwa méjèèjì la ó jẹ èrè rẹ̀.”

“Bí kò bá kọ́ ọ ńkọ́?”

“Màá lóṣòó síwájú rẹ̀ títí yóò fi kọ́ mi.”

Màmá gbà. Ó ní, ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́. Rẹ̀bẹ́kà gba okùn kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi kọ́ ọrùn, ó ní ó di ọwọ́ òun.

Ó sì lóṣòó. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, lẹ́bàá àdògán, a máa lóṣòó níwájú mi, a ní kí n sanwó òun. Bí mo bá ní ó ti rẹ̀ mí, kò ní dìde. Sítáńdáàdì fọ́ọ̀ ni mo kà dé. Rẹ̀bẹ́kà kò wọ yunifọ́ọ̀mù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Alékùwodò, tí mo ti wà nílé ọkọ ní Òṣogbo, òun ló ń kọ ìwé ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbé fóònù wá bá mi nísinsìnyí, wọ́n ní owó kan wà tí yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ń bi wọ́n pé, ojú rẹ̀ dà, ọwọ́ ta ló wà? Wọn a rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú, wọ́n ti fi èmi náà rẹ́rìn-ín rí.

Fúnmiláyọ̀ gbé okùn náà lé mi lọ́wọ́.

“Màmá Òṣogbo, ìyá wa ní ká fún yín. Wọ́n ní kí ẹ kà á, ojú owó yín pé. Èrè ni àwọn ń jẹ látọjọ́ yìí.”

Mo kà á. Ọgbọ̀n ni. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, orúnkún mi dún, mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọjọ́bọ̀ ni a sin wọ́n, lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀.