Ọmọ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lábẹ́ Igi Fúrúùtù

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Súrùlérè, níbi tí àdúgbò ti fẹ́ wọ Mushin. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ fún gbígbé ni wọ́n sọ di ilé-ìwé. Yàrá ìgbàlejò ni kíláàsì tèmi tẹ́lẹ̀. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, fèrèsé méjì péré.

Àmọ́ a ní ilẹ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ ẹbí ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, wọn ò tíì kọ́lé sí i, igi fúrúùtù ńlá kan sì wà láàrin rẹ̀. Ìyá tó ni ilé-ìwé, tí gbogbo àwa tíṣà ń pè ní Mọ́mì, ló bẹ àwọn onílẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ká máa lò ó. Lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀. A ó ṣa ewé tó já bọ́, a ó tẹ́ bébà lé e lórí, a ó máa fi kírẹ́yọ̀n ra á títí gbogbo iṣan ewé náà yóò fi yọ. A ó bu omi sí iyanrìn, a ó fi mọ ilé, a ó fi ìdérí ìgò ṣe fèrèsé. Ọwọ́ wọn á dọ̀tí, aṣọ wọn á dọ̀tí, àwọn òbí á sì fi ẹjọ́ mi sùn.

Nínú ilé-ìwé, òfin wà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ọmọ máa sọ. Lábẹ́ igi yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Mi ò sọ fún Mọ́mì, òun náà ò bi mí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wá sí kíláàsì mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀, lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Mushin. Odindi sáà kan ni ọmọ náà fi jókòó síwájú mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí ó bá fẹ́ tọ̀, á dìde, á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á di etí aṣọ mi mú.

"Àǹtí, ó ń sọ̀rọ̀ nílé o," ìyá rẹ̀ sọ fún mi. "Tó bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, káàdì máa ń tán mọ́ wọn lẹ́nu ni."

Nínú sáà kejì, lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń mọ iyanrìn. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í, mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn sọ ọ́ ni, pẹ̀lú ohùn àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, bí àgbàlagbà:

"Ibí ni ìyá àgbà ń kó adìẹ sí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò. Mi ò fẹ́ kí ó rí ojú mi.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ yòókù bí wọ́n ṣe ń fi igi ìgbálẹ̀ gán ewé fúrúùtù papọ̀ di fìlà. Gbogbo wọn á yí i ká, á máa bá wọn wí bí ìyá ilé. Bí a bá sì ti wọlé padà, ẹnu á pa dé. Mo rò pé bó pẹ́ bó yá, ohùn yẹn á tẹ̀ lé wa wọlé.

Mo ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jẹ́ kí n wá gbọ́ ọ, Àǹtí. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù."

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, a ò tíì parí orin àárọ̀ tí a fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Mo sáré lọ bá Mọ́mì.

"Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà," ó ní. "Àná ni wọ́n pè mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Kì í ṣe tèmi."

Mo jáde lọ bá ọ̀gá àwọn agégi. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi igi náà sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ péré.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Símẹ́ńtì ń bọ̀ lọ́la."

Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ó tilẹ̀ ní kí n sún sẹ́yìn kí ẹ̀ka má baà bà mí. Nígbà tí igi náà wó, àwọn ọmọ tó wà lójú fèrèsé pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn ò wá sójú fèrèsé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

Mi ò ní nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ojú sì ń tì mí láti ránṣẹ́ pé kí ó má wá. Ní Ọjọ́rú, ó wá. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Mo ti bu iyanrìn sínú abọ́ ńlá kan, mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo pe ọmọ náà. Ó ki ọwọ́ bọ iyanrìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rọra bi í létí pé, "Níbo ni adìẹ máa sùn?"

Ọmọ kan níwájú dìde, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ké sí gbogbo kíláàsì pé Àǹtí ń sọ Yorùbá. Mi ò lè bá a wí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbọn iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn padà sínú abọ́, ó lọ jókòó. Ìyá rẹ̀ dúró fún bíi wákàtí kan. Mo sìn ín dé ẹnu géètì.

"Ṣé lóòótọ́ ló sọ̀rọ̀, Àǹtí?"

"Lóòótọ́ ni, mà."

"Ó dáa. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ lónìí ni."

Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn án.

Mo tún lọ bá Mọ́mì, mo ní kí ó jẹ́ ká máa kó àwọn ọmọ lọ sí pápá kan lápá Yaba. Ó bi mí pé, "Ta ló máa mú ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọdá títì yẹn?" Mo ní ṣé wọ́n lè máa sọ Yorùbá fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tí òbí kan bá gbọ́, a ti pàdánù ọmọ márùn-ún nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀." Mo mọ̀.

Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kìíní báyìí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni," ó sọ fún mi. "Kì í yọ mí lẹ́nu rárá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi láìlanu. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo òkè, kò sí ẹnì kankan, mo wá fi Yorùbá bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá ó rí i pé mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gun òkè lọ.