Ìka Méjì Inú Gáùn

Ìyá Oníka-Méjì ni wọ́n ń pè é nílé ìránṣọ, àlejò á sì máa yọjú wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ìka mẹ́jọ yòókù ti gé. Irọ́ o, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Bó bá ń gé aṣọ ni í máa ń fi aṣọ tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ sínú ojú rírán, kó lè ṣeé tú bí ẹni tó ni ín bá sanra. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ ọ, ẹni tó ń tú gáùn kan náà fún un lọ́dọọdún títí ó fi bàlágà.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń gé aṣọ olówó ńlá fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lówó láti wọ ọ̀kan rí, ó sì ń dun àbúrò wọra. Nígbà tí ọ̀gá bá ilé ìtajà ńlá kan ṣàdéhùn pé àwọn yóò ṣe gáùn tí mẹ̀kúnnù lè rà, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu Ìyá Oníka-Méjì mọ́.

Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé ìtajà rán wá ṣe fi bírò pupa fa ìlà sórí bébà tí Ìyá fẹ́ fi gé gáùn náà.

"Mà, ẹ jẹ́ ká yọ ìka méjì yìí, aṣọ tó ń jẹ ti pọ̀ jù. Ta ló ń wo inú gáùn olówó pọ́ọ́kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Olówó tó bá sanra á ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi á tú u."

"Èmi náà mọ aṣọ o, mà."

"O mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Ọ̀gá tó jókòó tì wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, kí la máa yọ dípò rẹ̀?"

"Ẹ yọ bọ́tìnì ẹ̀yìn, ẹ fi síìpù sí i."

"Kò tíì tó. Òdòdó èjìká ńkọ́?"

Ìyá Oníka-Méjì fúnra rẹ̀ ló dá òdòdó yẹn sílẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o nínú gáùn náà.

"Ẹ yọ ọ́."

Lọ́jọ́ tí gáùn náà jáde, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìtajà náà, kò sì sọ fún un pé òun ló gé e. Ẹ̀gbọ́n kò tiẹ̀ wo iwájú aṣọ. Ó yí inú rẹ̀ síta láàárín èrò, ó fi ìka méjì lé ojú rírán.

"Ìwọ lo gé eléyìí."

Omi lé ròrò sójú àbúrò. "Ẹ kò ṣáà tíì wọ̀ ọ́ wò."

Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́. Ó fún un díẹ̀ níbàdí.

"Tá a bá délé, tú ìka kan péré fún mi," ló wí. "Jẹ́ kí ìkejì máa dúró dè mí."