Ààwẹ̀ Ìdúpẹ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Àìsàn mi fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, òògùn rẹ̀ náà sì fẹ́ gbà á. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ti mú kí kíláàsì kún fọ́fọ́. Bí àìsàn náà bá gbé mi sókè, mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko má sùn, kí n máa rojọ́ bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa. Bó bá wá gbé mi sọlẹ̀, n kò ní lè wẹ̀, n kò ní lè dáhùn ìkíni. Lọ́jọ́ kan tó gbé mi sókè, mo kó gbogbo kíláàsì mi jáde lọ́sàn-án gangan, mo ní ká fẹsẹ̀ rìn dé Fájuyì lọ wo ayé. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀ gan-an. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ò gbádùn rẹ̀ rárá.

Òògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi pa àìsàn náà lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó pa èmi náà mọ́ ọn. Mò ń sùn lórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a tò sórí ìlà, ọrùn mi yí sápá kan, ó kọ̀, kò padà. Àwọn ọmọ rò pé eré ni mò ń ṣe, ni wọ́n bá yí ọrùn tiwọn náà. Inú bí mi, mo da gbogbo òògùn náà sí ṣáláńgá. Kí oṣù tó parí, àìsàn ti padà. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó rọra sọ̀rọ̀: “Mísì, tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò ní lè bò yín mọ́ o.”

Èmi àti màámi bá wọ ọkọ̀ Pijó ní gáréèjì, a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní gbogbo ibi tí a ti lọ tẹ́lẹ̀, màámi ni wọ́n máa ń bi pé báwo ni ara mi, èmi á sì jókòó bí ẹrù. Èmi ni dókítà yìí kọjú sí. Ó ní irú iyọ̀ kan ni òògùn tuntun tí òun fẹ́ fún mi. Ó ní oṣooṣù lòun á máa gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ bó ṣe pọ̀ tó lára mi. “Ẹ máa mu omi dáadáa. Ẹ má fi iyọ̀ inú oúnjẹ du ara yín. Ẹ má fo òògùn yìí ní ọjọ́ kankan.”

Màámi rẹ́rìn-ín. “Iyọ̀ kẹ̀? Ṣé iyọ̀ inú ọbẹ̀ mi ò tó ni?”

Àmọ́ ó ṣiṣẹ́ o. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, tí ìwé tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sì ń wọ́ bí ejò. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mò ń sáré lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò sí èyí tí n kò lè fara dà níbẹ̀. Nígbà tó pé oṣù méjì, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí mi pa rọ́rọ́. Mo ka ìwé ìròyìn láti òkè dé ilẹ̀, ó yé mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé n kò ní ẹnì kankan mọ́. Nígbà tí orí mi dàrú, èrò ń pé lé mi lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tí ara mi yá, bí mo bá wọ yàrá àwọn tíṣà, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń dirí fún ara wa kò wá mọ́. Ó dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Màámi nìkan ló kù.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá màámi jiyàn nígbà tí wọ́n dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n kéde ààwẹ̀ ìdúpẹ́. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé bí èèyàn bá ṣe bẹ Ọlọ́run náà ni yóò ṣe dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu ni ẹgbẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ fún mi nígbà tí orí mi dàrú, nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu la máa fi dúpẹ́, èmi náà yóò sì wà níbẹ̀. Mo rán màámi létí ohun tí dókítà sọ nípa omi.

“Ọjọ́ mẹ́ta péré?” ni màámi wí. “Ta ló wò ọ́ sàn, ọmọ mi? Ṣé omi ni?”

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Nítorí màámi, n kò fẹnu kan omi. Nítorí dókítà, n kò fo òògùn. Itọ́ ni mo fi ń gbé e mì láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n, pé mo gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè di Bíbélì mú. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹsẹ̀ mi kò gbà mí dúró mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu mi bíi ti ọ̀mùtí. Àwọn obìnrin náà yí mi ká. Wọ́n ní ohun àtijọ́ ló ń jáde lọ, wọ́n túbọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Wọ́n ní ìdánwò ni. Háà! Mo mọ̀ pé àìmu omi ti jẹ́ kí òògùn pọ̀ jù lára mi, ẹnu mi kò sì lè sọ ọ́. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Màámi ló dá a dúró. Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Èyí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀.” Wọ́n bu omi sí mi lẹ́nu, wọ́n sì ké sí aládùúgbò wa tó ní ọkọ̀. Orí ló kó mi yọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń fa omi sí mi lára ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí mo padà délé, màámi ti da òògùn mi nù. “Májèlé ni,” ni wọ́n wí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ara líle jágbe mọ́ wọn. “Màámi, òògùn kọ́! Ààwẹ̀ wa ni!” Èmi nìkan ni mo padà lọ bá dókítà. Ó bá mi wí bí ọmọdé, ó dín òògùn náà kù, ó ní n kò gbọ́dọ̀ gba irú ààwẹ̀ yẹn mọ́ títí láé. Mo gbà. Ojú màámi ni mo ti ń lo òògùn mi láti ìgbà náà, wọ́n á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tún gbààwẹ̀, ó sì kan ilé wa láti gbàlejò àdúrà ọjọ́ ìkẹyìn. Mo wà nínú yàrá, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti ìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ kan, orí mi kò sì dàrú rí. Mo gbọ́ tí obìnrin kan béèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Ìyá Tíṣà, ọmọ yín ńkọ́? Ṣé kò ní bá wa gbàdúrà ni?”

“Ó rìnrìn àjò,” ni màámi dáhùn.

Ikọ́ ń yún mi lọ́fun. Mo fi ìró mi di ẹnu mi pa, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo wà nílé.