Bàbá Kò-Dá-Mi-Lójú Sin Fóòmù

Ọlọ́pàá méjì ló gbé ṣọ́bìrì wá sẹ́yìn ilé iṣẹ́ oògùn kan. Aládùúgbò kan ló lọ fẹjọ́ sùn pé òun rí bàbá àgbà kan tó sin nǹkan méjì síbẹ̀, tó sì ri igi tó kọ déètì sí mọ́ orí wọn.

"Bàbá, ta lẹ sin síbí?"

"Fóòmù ni."

"Kí ló pa á?"

"Kò tíì kú. Ohun tí mo ń dúró dè gan-an nìyẹn."

Bàbá Kò-Dá-Mi-Lójú ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ni olórí àwọn tó ń di oògùn tí kò gbọdọ̀ gbóná sínú àpótí fóòmù funfun, pẹ̀lú omi dídì. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ bàbá yìí kì í lò ó bí oògùn, oúnjẹ ló fi ṣe. Ẹ̀rọ ìwọn-òtútù mẹ́ta ló ń kó sápò. Ó ní ẹyọ kan lè purọ́, méjì sì lè gbìmọ̀ pọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á bi í pé, "Ta ló rí ọ?"

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í fura sí, fóòmù funfun ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àtọ̀gbẹ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sì ni ìlú tó ń gbé. Bí abẹ́rẹ́ tí bàbá ń fi ránṣẹ́ sí i bá gbóná lọ́nà, ó bàjẹ́ nìyẹn. Fóòmù kò já a kulẹ̀ rí.

Ìgbà tí fóòmù àlòkù dí gọ́tà, tí omi wọ ilé àwọn aládùúgbò, ni máníjà pe ọlọ́jà kan tó ń ta àpótí tí wọ́n fi pòròpóró àgbàdo ṣe.

"Bàbá, ọjọ́ méjì ló máa fi tutù. Tẹ́ ẹ bá sì rì í mọ́lẹ̀, á jẹrà láàárín oṣù mẹ́ta."

"Nǹkan tó mọ̀ ọ́n jẹrà, ta ló ní kó dúró dé ilé kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Máníjà ní àfi bí bàbá bá fọwọ́ sí i. Bàbá kó omi dídì sínú àpótí náà, ó gbé e sóòrùn, ó sì fi ọjọ́ méjì jókòó tì í. Ọlọ́jà náà wá jókòó tì wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Òjìji yín ń bò ó."

Omi dídì kò yọ́ tán. Bàbá ní kò dá òun lójú síbẹ̀. Ìgbà náà ló sin àpótí pòròpóró àti ti fóòmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọlọ́pàá fi dé.

Oṣù mẹ́ta pé, ó hú wọn. Ti pòròpóró ti di ilẹ̀, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Ti funfun jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Bàbá gbé e sókè.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń di eléyìí," ó wí fún máníjà. "Gbogbo wọn ṣì wà níbìkan." Ojú tì í gan-an.

Ó fọwọ́ sí i. Àmọ́ ó ní abẹ́rẹ́ àbúrò òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi rán, pé ohun tí òun kò bá lè fi rán ti ẹ̀jẹ̀ òun, òun kò ní fi rán ti ọmọ ẹlòmíì. Ó wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ wá kí ni, àbí àpótí?"

"Jẹ́ n wò ó ná."

Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ó tutù. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó kí àbúrò rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan sọ fún bàbá pé ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá ní kò dá òun lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jàre.

Níbi ìsìnkú bàbá, wọ́n ń rántí fóòmù àti ọlọ́pàá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, kó tó di pé ó bú sẹ́kún.

"N kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ mi rí," ó wí, "torí ẹnìkan ti bá mi bẹ̀rù ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Ta ni yóò máa bá mi fura báyìí?"