Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà

Dókítà ní kí bàbá mi máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn oúnjẹ. Nílé wa ní Karmo, bó bá ti jẹ iyán tán, yóò pè mí sí yàrá: "Mú ìka rẹ wá. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá?" Ìka tèmi ni yóò gún, torí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Bó bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ṣúgà han màmá mi, màmá á ní, "Yauwa! Ó ti wálẹ̀," á sì tún bu iyán fún un.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó tó kú. Títí dòní, màmá ní ayé ló ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó ní èmi náà ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàbá mi ò kúkú parọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.